Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Kọ́ Mùnírù

                                        Ẹ̀yìn Pólì,
                                        Ọ̀wọ̀.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2025.

Cecilia, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìtùnú ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Bá mi kí Màmá, kí o ní mo béèrè orúnkún wọn. Ara tèmi le, inú nìkan ni kò dùn.

O rántí Láníyì, agbaṣẹ́ṣe tó máa ń wọ awò dúdú nínú yàrá? Òun ló gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn kékeré tí àwọn aláàánú kan láti òkè òkun ń kọ́ fún àwọn ará Imoru. Ó ní kí n máa wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun ní gẹ̀ẹ́sì láràárọ̀ Sátidé: bí wọ́n ṣe ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tó kù, àti ọjọ́ tí yóò parí. Mo rò pé ọ̀làjú ni. Àṣé ohun tó ń wá ni bí èèyàn ṣe ń fi gẹ̀ẹ́sì aládùn sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí! Òun fúnra rẹ̀ kò wá sí kíláàsì rí. Ó ní ọ̀gá kì í bá lébìrà kàwé.

Mùnírù káfíńtà ló mú ẹ̀kọ́ náà jù. Bó bá ń kan ìṣó, ẹnu rẹ̀ á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́. Òrùlé ni iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n páànù kò sí. Gbogbo wa la mọ ibi tí páànù wà. Ó wà lórí ilé tuntun tí Láníyì ń kọ́ sí Upenmen, ó ń dán yanranyanran. Olè tí kò tilẹ̀ sápamọ́!

Lọ́jọ́bọ̀, àlejò dé láti òkè òkun, lọ́dọ̀ àwọn aláàánú náà; Láníyì ní kí èmi náà wá kí i káàbọ̀. Ó wo òkè, ó rí sánmọ̀. Ó ní ọjọ́ tí a dá ti kọjá, ta ló fà á? Láníyì ń wo bàtà. Mùnírù wo ọ̀gá rẹ̀. O mọ ilé wa: ta ni yóò tú àṣírí ọ̀gá ẹ̀ lójú àlejò? Ló bá nàró, ó sọ gbólóhùn tí mo kọ́ wọn lọ́sẹ̀ kẹrin, kò ṣì í rárá: pé ọwọ́ òun ni ìdádúró náà ti wá, kí wọ́n má bínú, òun yóò parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àlejò kọ ọ́ sínú ìwé. Láníyì ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ti Láníyì, Mùnírù ló bá a rù ú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, ó lé Mùnírù. Ó tún fi ìwé tó fi lé e ránṣẹ́ sí mi, kí n bá òun wo gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Aláìnítìjú! Mo fà á ya.

Lánàá ni Mùnírù gbé iṣu mẹ́ta wá láti dúpẹ́. Ó ní àlejò yẹn yin gẹ̀ẹ́sì òun. Imoru ni ilé wọn, oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ilé ìwòsàn tí kò lórùlé yẹn ni ì bá bímọ sí. Iṣu náà ṣì wà nílẹ̀ nílé ìdáná. N kò lè sè é.

Mo ti bú Láníyì tán, Cecilia, ó wá ku ẹnìkan. Ta ló gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Mo mọ ibi tí páànù wà. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ fún àlejò ni pé ó káàbọ̀, ṣé ìrìn dára.

Kí gbogbo ilé fún mi.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì,
                                        Olúfúnmilọ́lá.