Ẹnu Ọ̀nà Ilé Adìẹ Tíṣà

Kuru, lẹ́bàá Jos,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Motún ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Wọ́n ní otútù ti dé Àbújá, ṣùgbọ́n má pe ti yín ní otútù níwájú wa, nítorí ọyẹ́ Kuru lọ́dún yìí, òróró ti dì gbagidi nínú ìgò, ètè mi ti là sí mẹ́rin, èéfín tó jáde lẹ́nu mi láàárọ̀ ìjẹta pọ̀ débi pé Fatimah aládùúgbò wa sáré wá béèrè pé kí ni mò ń sè. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nínú ọyẹ́ á ṣọ́ ọ láàárín àjèjì, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹni tó bá dìde sí ọ á jókòó láìròtẹ́lẹ̀. Àmín.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Fóònù tí o rà fún mi àti ti Tíṣà, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ọmọ ìyá ni wọ́n, ojú iná kan náà la sì jọ ń kì wọ́n bọ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ níbẹ̀. Lááwàlì dírẹ́bà ló máa gbé e wá fún ọ. Bí o bá kà á tán, ya á.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, Tíṣà àbúrò wọn nìkan ló kù tí yóò jókòó bí bàbá ìyàwó ní Sátidé yìí tí àwọn ará ilé Israel àfẹ́sọ́nà rẹ bá wá ṣe ìdána. Bí wọn kò bá jókòó, ta ni yóò fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́? O sì mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Tíṣà ni mo ń pè wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó ilé kì í la ẹnu sọ fún ẹbí ọkọ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò dára. Ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu mi wà.

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, Tíṣà búra pé àwọn kò ní jókòó níbi tí wọ́n bá ti fi adìẹ ọjà bọ́ àna, èyí tí àwọn bá fọwọ́ ara àwọn sìn ni wọn yóò jẹ. Wọ́n wá òyìnbó kan rí nínú fóònù tó ń kan ilé adìẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kí ọkùnrin náà pé ẹ kú iṣẹ́, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń gbá ìṣó lọ ni. Ọkàn mi ti sọ fún mi nígbà náà pé ẹni tí kò lè jẹ́ ìkíni, ilé rẹ̀ kò lè sunwọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tíṣà fi kan pákó. Ilé náà wọ́ sí ọ̀tún bí ẹni tí eyín ń dùn, bí atẹ́gùn bá fẹ́ òrùlé rẹ̀ á máa jó. Síbẹ̀ wọ́n pe pásítọ̀, ó fi òróró yà á sí mímọ́, a kọ orin mẹ́ta. Wọ́n kọ orúkọ wọn sí i gàdàgbà, èyí tí ẹnu mi kò gbọdọ̀ pè, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá bi mí pé ta ló kọ́ ọ, n ó kàn nawọ́ sí pákó náà ni. Òròmọdìẹ méjìdínlógún la kó gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan wọlé. Ojú àwọ̀n la ń da oúnjẹ wọn gbà. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dàgbà. Motún, wọ́n dàgbà débi pé ajá Fatimah máa ń tẹrí ba kó tó kọjá lọ́dọ̀ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí n mú ọ̀kan jáde wò. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Mo mú òmíràn, kò gbà. Mo gbìyànjú èyí tó rù jù nínú wọn, ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ pa. Bí Tíṣà ṣe lọ ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mo ránṣẹ́ pe Yàkúbù gbẹ́nàgbẹ́nà láti Angwan Rukuba. Ó wo ilé náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Mama, wannan ba gida ba ne, kurkuku ne,” pé èyí kì í ṣe ilé, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, àfi ká fọ́ ọ. Mo ní kó panu mọ́. Kí èmi ìyàwó ilé fọ́ ohun tí ọkọ mi fọwọ́ ara wọn kọ́, tí pásítọ̀ gbàdúrà sí, nígbà tí ìdána ti kù sí dẹ̀dẹ̀? Tíṣà á di ẹrù wọn, ó di Ìkọ̀lé-Èkìtì ìlú wọn.

Láná wọ́n lọ gẹrun ní Dogon Dutse. Mo ki ọwọ́ bọ ilé adìẹ, mo fi ọṣẹ pa àkùkọ ńlá lára, mo fà á. Orí jáde, ọrùn jáde, àyà há. Mo tún fà, gbọnrangandan. Ibẹ̀ ni mo wà tí géètì fi dún. Mo yíra padà, mo tẹ́ ìró mi bo àkùkọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí Tíṣà. Mo kí wọn kú àbọ̀, mo kí wọn kú ọyẹ́, mo kí wọn kú irun tí wọ́n gẹ̀. Àkùkọ kọ lábẹ́ ìró mi.

Tíṣà ní kí ló ń ké. Mo ní fóònù mi ni. Wọ́n ní kí n gbé e. Ọmọ mi, mo gbé ọwọ́ lásán sétí, mo ní, “Motún, ṣé dáadáa ni?” Wọ́n ní kí n fún àwọn, àwọn fẹ́ kí ọ. Bí wọ́n ṣe nawọ́ ni àkùkọ tún kọ, ó sì bu mí jẹ níbi tí n kò lè kọ sínú lẹ́tà. Mo fò.

Wọ́n wo adìẹ náà pẹ́. Wọ́n rọra tì í padà, wọ́n yọ rúlà lápò àyà, wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà, ó jẹ́ méjìlá. Wọ́n ṣí fóònù, òyìnbó náà ní méjìlá. Wọ́n wá jókòó sórí garawa. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọdún tí ìjọba ti ní ká fi ínṣì sílẹ̀ ni wọ́n ti ń na ọmọ tó bá dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, sẹ̀ǹtímítà nìkan ni wọ́n mọ̀.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, ínṣì ni ọkùnrin yìí ń wí.”

Ohun tó yẹ kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, àtẹ́lẹwọ́ mi ni wọ́n ṣe é mọ. Wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Mo gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, ilẹ̀kùn náà kò ṣí. Mo ní ó parí, ọmọ mi kò ní bàbá tí yóò jókòó.

Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ àáké. Mo sáré jáde, mo bá Tíṣà níbi tí wọ́n ti ń la ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ, òógùn bò wọ́n nínú otútù. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ̀bi èmi ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀. Wọn ò wo ojú mi.

Wọ́n ní, “Èmi tí mo fẹ́ fa ọmọ jáde nílé ní Sátidé, adìẹ lásán ni n kò ní lè ṣílẹ̀kùn fún?”

Ọmọ mi, ihò náà tóbi débi pé èmi alára lè gbé igbá lérí wọlé. Àmọ́ ọyẹ́ fẹ́ wọ ibẹ̀, gbogbo adìẹ kóra jọ sí igun, kò sí èyí tó jáde títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Tíṣà ní ká má lé wọn. Wọ́n wá bi mí bóyá agbádá tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lè gba àwọn. Mo lọ gbé e síta sí oòrùn.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ata, epo àti ìrẹsì. Má fi sí báńkì. Àwọn ará báńkì ní kí n gbé ojú mi wá kí fóònù wò ó, mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú títí ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ fi bi mí bóyá ara mi yá. Lááwàlì ni kí o fún.

Ilé ọkọ tí o ń lọ, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á gba ìwọ àti ẹrù rẹ wọlé. Lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀ wá kí mi, á gbà ọ́ jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ, kò ní há ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Motún.