Ọdún Tí Ìyá Rẹ Kẹ̀yìn sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Ilé Ọlágúnjú,
Ẹ̀sìẹ́, nítòsí Ọ̀mù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Oṣù Kẹfà, 1972.

Ọlábọ̀wálé ọmọ mi, Àlàó,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú onílùú, mo sì kí ọ kú ooru Èkó tí Ọlárónkẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa pé kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní ìjókòó, kí ó bá ọ ní àlàáfíà, bí ó bá sì bá ọ ní ìdúró, kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀. Ara èmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń dùn mí bí òjò bá ti ṣú. Ìtàkùn iṣu ti ń gun ọ̀pá. Gbogbo ará ilé ń kí ọ, títí kan àwọn tí o kò mọ̀, tí a bí lẹ́yìn tí o lọ.

Wàá rí i pé Kwara ni mo kọ sókè lẹ́tà yìí. Tíṣà Lawrence, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ìjọ wa, ni ó ní kí n yéé kọ Àríwá mọ́, nítorí ìjọba ti kó wa kúrò níbẹ̀ ó ti pẹ́. Mo wo ilé yí ká, mo wo oko, kò sí ohun tó yẹ̀ kúrò níbi tí a gbé e sí, ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ní àwọn ti kó wa, a dúpẹ́ pé wọn kò fọ́ ìkòkò kankan lọ́nà.

Láti oṣù Kẹrin tí rédíò ti ní kí gbogbo ènìyàn máa gba ọwọ́ ọ̀tún, èmi àti Àfísù, ọ̀rẹ́ mi tí oko wa jọ pààlà, ń pa òfin náà mọ́. Bí a bá ń lọ, ọ̀tún, bí a bá ń bọ̀, ọ̀tún. O sì mọ̀ pé ọ̀nà oko wa kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ ènìyàn kan lọ, nítorí náà inú koríko ni a ń rìn, ìrì ń rẹ wá dé itan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin tó ti ń jókòó sápá òsì láti ayé bàbá mi sọ pé ọ̀tún ni àwọn náà máa gbà báyìí, àwọn ìyá ní àwọn kò dìde fún ẹnìkan. Pásítọ̀ ṣàlàyé pé ọkọ̀ nìkan ni òfin náà wà fún. Ó dun àwọn kan.

Àlàó, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò nìyí. Nínú lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, o ní wọ́n fún ọ ní fọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́ tuntun rẹ, wọ́n béèrè ẹ̀sìn rẹ, o sì kọ ‘kò sí’. Mo rò pé káádì ìrìbọmi rẹ ni ó sọnù. Mo mú àkùkọ kan, mo tọ pásítọ̀ lọ, mo ní kí ó bá mi kọ káádì mìíràn kíákíá, kí àwọn ọ̀gá rẹ má baà rò pé o fi èrú wọ iṣẹ́. Mo tún ní bí àyè inú fọ́ọ̀mù náà bá há, kí ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́. Tíṣà Lawrence wà níbẹ̀, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì pè mí síta. Ó ní, Bàbá, káádì kò sọnù, ohun tí Ọlábọ̀wálé ń sọ ni pé òun kò gbà mọ́ pé Ọlọ́run wà. Ó ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé wàá wálé fún ìrántí ìyá rẹ, ṣùgbọ́n o kò ní í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà ti ka ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé aṣọ ni kò tíì sí.

Mo rìn lọ sílé, n kò rántí gba àkùkọ náà padà. Mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn tí ìyá rẹ gbìn, mo tún lẹ́tà náà kà. O ní a gbàdúrà fún Rúùtù àbúrò rẹ, ó kú, a gbàdúrà fún ìyá rẹ, ó kú, ta wá ni ń gbọ́. O ní ènìyàn tó ní làákàyè kò gbọdọ̀ gba ohun tí kò lẹ́rìí gbọ́. N kò bínú. Ìbéèrè gidi ni, mo sì rò pé ó yẹ kí n wá èsì rẹ̀ lọ.

Pásítọ̀ ni mo kọ́kọ́ bi. Ó ní Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọmọ mi béèrè. Tíṣà Lawrence ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé láti ìgbà tí àwọn àlejò ti ń wá wo àwọn ère òkúta wa, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn, kò sì tíì sí àlejò tó sọ pé wọ́n gbẹ́ ara wọn. Mo ti kọ ọ́. Ó dára lójú mi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ ni mo ń mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó dá ayé ni o ń wá, ẹni tó ń gbọ́ ni o ń wá. Àfísù ní tirẹ̀ sọ pé nígbà tí Fulera ìyàwó òun kú, òun náà bi Ọlọ́run ní ìbéèrè yẹn lórí ẹní ìrun. Mo ní kí ló gbọ́. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n nígbà tí òun dìde, àyà òun kò wúwo bí ó ṣe wúwo nígbà tí òun kúnlẹ̀. Tíṣà ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Àfísù ní òun kò pè é ní ẹ̀rí.

Mo wá gbéra lọ sí pósítọ́fíìsì Ọ̀mù-Àrán kí n lè bá ọ sọ ọ́ lẹ́nu lórí tẹlifóònù. Mo nu ẹnu mi dáadáa kí òórùn aáṣà má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Obìnrin kan ni ó dáhùn. Mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo sì ro ọ̀rọ̀ rẹ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ òyìnbó, èmi ń sọ Yorùbá, a bọ̀wọ̀ fún ara wa. Nígbà tí ohùn rẹ̀ dákẹ́, akọ̀wé pósítọ́fíìsì sọ pé obìnrin tó ń so wáyà pọ̀ ni, kò sì tíì so mí mọ́ ọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní sùúrù. Ìdí nìyí tí mo fi padà sídìí lẹ́tà.

Ohun kan wà tí o kò mọ̀ nípa ìyá rẹ, nítorí ilé-ìwé ní Òrò ni o wà nígbà náà. O rántí ọdún tí a gba òmìnira, tí wọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé ní àsíá kéékèèké. Rúùtù kò tíì wọ iléèwé, ṣùgbọ́n ó sunkún títí wọ́n fi fún òun náà ní ọ̀kan, ó sì lọ rì í mọ́ àárín ẹ̀fọ́ ìyá rẹ lẹ́yìn ilé, ó ní kí ẹ̀fọ́ náà gba òmìnira. Inú wa dùn nígbà náà. Gbogbo ènìyàn ní nǹkan máa yí padà. Kí ọyẹ́ tó dé, ibà mú ọmọ náà lọ. Gbogbo ìjọ gbàdúrà, a gbààwẹ̀, o ti mọ ìyẹn.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ìyá rẹ, Helen tí gbogbo ìlú ń pè ní ìyá àdúrà nígbà tó dàgbà, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú náà. Kì í ṣe pé ó ń sùn sílé o. Ní ọjọ́ ìsinmi, á wé gèlè funfun rẹ̀, a óò jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà, èmi á wọlé, òun á yà sẹ́yìn ilé ìsìn, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á kẹ̀yìn sí ògiri, á sì máa bó ẹ̀gúsí títí a óò fi ṣe tán. Kátíkíìsì tó ń ṣe àkóso ìjọ nígbà náà ní ìtìjú ni, kí n fà á wọlé. Mo ní obìnrin tí mo mọ̀ kò ṣeé fà. Ó ní òun máa yọ orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí ó yọ ọ́, kí ó sì yọ ti Rúùtù mọ́ ọn, nítorí kò sí ẹni tó rántí orúkọ náà nígbà tí wọ́n ń pè é nínú àdúrà. Kátíkíìsì kò yọ nǹkan kan.

Rhoda ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, tó máa ń lé orin fún àwọn obìnrin, ni ó kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹnìkan kò rò. Ó gbé igbá tirẹ̀ jáde níbi tí wàásù dé, ó lọ jókòó tì í, ó ń bá a bó ẹ̀gúsí. Kò dárúkọ Ọlọ́run. Nígbà tó ṣe, àwọn mìíràn tẹ̀lé e, títí àwọn ìyá tó wà níta fi pọ̀ ju àwọn tó wà nínú lọ. Orin wá bàjẹ́ pátápátá. Kátíkíìsì ń fi ohùn obìnrin kọrin fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ ọkùnrin tó sanra.

Lọ́jọ́ kan bí a ṣe ń rìn bọ̀ wálé, ìyá rẹ dúró lójú ọ̀nà. Ó ní, Bàbá Bọ̀wálé, bí kò bá sí ẹnìkankan níbẹ̀, ta ni mo ń bá bínú láti ọjọ́ yìí wá? Ó ní òun ti gbìyànjú láti gbà pé kò sí ẹnìkan, kí ara lè tu òun, ṣùgbọ́n bí òun bá ti gbà bẹ́ẹ̀ tán, ìbínú náà á tún kọjú sí ibì kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ jà. Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, a lọ sílé.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ó bá gbogbo wọn lábẹ́ máńgòrò, wọ́n sáré wọlé pẹ̀lú igbá, ẹ̀gúsí dà káàkiri ilẹ̀. Ìyá rẹ jókòó sẹ́yìn, omi ń kán lára gèlè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà dìde, ó dìde. Ó ní, Ọlọ́run, inú ń bí mi sí ọ, ṣùgbọ́n n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kí a ṣe sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀, Kátíkíìsì ní kí a kọrin. Lọ́jọ́ náà orin dára.

Tíṣà Lawrence ní ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá ó bọ́gbọ́n mu láti gba Ọlọ́run gbọ́ tàbí kò bọ́gbọ́n mu, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá rẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yẹ ilé ìsìn náà wò láti ẹ̀yìn, ó pẹ́ níbẹ̀, kí ó tó wọlé.

Ó kù kan. Ní èṣí, nígbà tí àìsàn rẹ̀ le, tí o kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí o ní bí Ọlọ́run kò bá wo ìyá rẹ sàn, o kò ní í bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, o rò pé ìyá rẹ ti sùn. Ó gbọ́ ọ. Nígbà tí o jáde, ó la ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí jọ mí. Ó ní bí inú bá bí ọ, kí n má bá ọ jiyàn, kí n kàn máa jókòó tì ọ́.

Nítorí náà mo ti sọ fún pásítọ̀ pé lọ́jọ́ ìrántí, n kò ní í sí níwájú. Èmi àti ìwọ máa wà níta lẹ́yìn ilé ìsìn. Ó ní kò bójú mu kí ọkọ olóògbé wà níta. Mo ní bí ìyàwó ṣe ṣe ni ọkọ náà máa ṣe. Rhoda ti darúgbó, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí a fi àyè sílẹ̀ fún òun. Ṣáà wá.

Òrùlé ilé ìdáná ń jò, a ó sì se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ èrò, nítorí náà bí owó bá wà lọ́wọ́, fi ránṣẹ́ sí wa, kí o sì fi òkúta rédíò kún un. Ọlárónkẹ́ ni kí o fi rán o, má fi sí báǹkì. Nígbà tí mo lọ gba èyí tí mo fi pa mọ́, owó tí wọ́n kó fún mi tuntun ju tèmi lọ. Mo ní èyí kì í ṣe tèmi, mo dá a padà fún wọn. N kì í gba owó olówó.

Kí iṣẹ́ rẹ má bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí o rí ìyàwó tó máa mọ̀ bí ebi bá ń pa ọ́. Kí o má sin ọmọ láé bí àwa ṣe sin ọmọ. Ọlọ́run tí ẹ kò jọ sọ̀rọ̀ báyìí, kí ó máa ṣọ́ ọ ní àlọ, kí ó máa ṣọ́ ọ ní àbọ̀. Bí ẹnu rẹ kò bá gbà láti ṣe àmín sí i, má fi ipá ṣe é, ọmọ mi. Mo ti bá ọ ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jòhánù Ọlágúnjú.