Ìkíni Tí Mi Ò Dáhùn Létí Ọ̀sà Ẹ̀jìnrìn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìbínú ọmọ. Àsàláámù àlékùmù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà ní Ìkòròdú níbí, mo kọrí sápá ọ̀dọ̀ yín ní Ìwó. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá mi ńkọ́, mo kúnlẹ̀ kí wọn o, ẹ má wò ó pé ọkùnrin ni mí. Sìfáwù àbúrò mi, mo kí ìwọ náà. Ìwọ nìkan lo ṣì ń gbé ìpè mi nínú ilé yẹn.

Bàbá, mo mọ̀ pé bí mo bá fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ sílé, ẹ ò ní ṣí i. Àmọ́ mo tún mọ̀ pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ kì í ra ìwé ìròyìn, tí ẹ kì í jókòó síwájú ilé lẹ́yìn ìrun alásáárì, kí ẹ máa kà á sókè fún àwọn àgbà tí ojú wọn ò ríwèé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú pé kó bá mi tẹ̀ ẹ́ síbí. Tí ẹ bá ti ń kà á bọ̀ kí ẹ tó fura pé èmi ni, ẹ dákun, ẹ má pa ìwé náà dé. Àwọn tó ń gbọ́ yín á fẹ́ mọ bó ṣe parí. Àti pé gbangba ni mo ti fi àbùkù kàn yín, mi ò lè wá bẹ̀ yín ní kọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí apá kan péré lẹ rí. Ẹ gbéra láti Ìwó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dé ilé tí mo háyà sí ní Ágíríìkì, ní Ìkòròdú níbí, ẹ bá Ìyá Kúdí tí yàrá wa jọ kọjú síra, wọ́n ní mo ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ẹ̀jìnrìn, lápá Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kí ẹ jókòó kí ẹ dúró dè mí. Ẹ ní rárá o, ẹ fẹ́ fojú ara yín rí iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe. Ọjọ́ ọjà ni, Ẹ̀jìnrìn kún fọ́fọ́. Bàbá Ọlọ́kọ̀, àgbà ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ni ilẹ̀ tí a ri òpó ẹ̀rọ wa mọ́, ló mú yín wá bá mi létí ọ̀sà. Ẹ rí mi tí mo kọ ẹ̀yìn sọ́jà, tí mo kọjú sómi, tí mo gbé ìgò kan sókè orí.

Ẹ ní mo kú iṣẹ́ o, Múfútàù. Mi ò dáhùn. Ẹ tún un sọ, ẹ gbóhùn sókè sí i. Mi ò dáhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ pè mí ní Àkànjí, oríkì tí ẹ kì í pè mí bí inú yín ò bá dùn. Mo ṣẹ́jú wò yín, mo sì tún gbójú padà sókè. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ròyìn fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn obìnrin tó ń ra ẹja bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bóyá ọmọ yín dití. Èkejì ní etí ẹ̀ yá gágá, pé bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ti ríṣẹ́ gidi, wọn kì í mọ baba mọ́.

Bàbá, èémí ni mo sé o. Mo fi Ọlọ́run búra, èémí ni mo sé.

Afẹ́fẹ́ ni à ń bù sínú ìgò yẹn. Afẹ́fẹ́ tó bá ti orí ọ̀sà wá tààrà, tí ò tíì gba inú èéfín ẹja yíyan tàbí ti jẹnẹrétọ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ bù ú á dúró kí atẹ́gùn máa fẹ́ lù ú lójú, á fa èémí sínú, á sé e, á wá ṣí ìgò. Kò gbọdọ̀ mí, kò gbọdọ̀ lanu, títí ìgò á fi kún tí á sì dé e pa. Ìdí ni pé gáàsì tí à ń wá nínú afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń jáde lẹ́nu wa. Ká ní mo sọ pé ẹ ṣé o, ẹyọ kan péré, ìgò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹnu Múfútàù ni wọn ì bá wọ̀n, wọn ò ní wọn ayé.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí mi ò fi ju ìgò náà sómi kí n dá baba mi lóhùn. Òun gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti apá ọjà, èéfín ti ba gbogbo ìgò tí mo gbé lọ jẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ọjọ́ yẹn ni atẹ́gùn tó mọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo wo ìgò, mo wo yín, mo sì yan ìgò. Bí mo ṣe dé e tán tí mo mí, mo yíjú, ẹ ti ń wọ mọ́tò. Mo sáré, mo ń ké pè yín. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ yín, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ẹ ò wẹ̀yìn.

Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, Bàbá? Nígbà tí mo kéré, tí ẹ bá gbé páǹpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn láti fín kòkó, ẹ máa ń sọ fún mi pé bí atẹ́gùn bá ṣẹ́rí padà sí mi, kí n pa ẹnu dé, kí n sé èémí, kí n yà kúrò. Ẹ ní ẹni tó ń fín kòkó kì í jẹ́ ìpè, kódà kó jẹ́ kábíyèsí ló ń pè é. Mo rántí ọjọ́ tí Ìyá gbé oúnjẹ wá sóko, tí wọ́n kí yín títí, tí ẹ dákẹ́. Wọn ò bínú. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ sábẹ́ igi obì, wọ́n dúró dè yín, nítorí wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ò mọ tèmi, èmi ni mi ò sì ṣàlàyé. Nígbà tí ẹ bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo rí l'Ékòó, mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ wá nawọ́ náílọ̀n kan sí mi. Wọ́n ní ẹ gbé e lé àwọn lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ. Mo tú u, mo bá kòkó kan nínú ẹ̀, kékeré, ó gbẹ, ó dúdú bí èédú, kò gbó kó tó kú sórí igi. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Sìfáwù ló là mí lóye lórí fóònù pé nítorí ẹ̀ lẹ ṣe wá. Ó ní oko kòkó ẹ̀gbẹ́ odò tí baba yín fi sílẹ̀ fún yín, àwọn igi àgbà ibẹ̀ ń gbẹ, èyí tó bá sì so, bó ṣe ń so nìyẹn. Ẹ ti gbin ọmọ kòkó rọ́pò wọn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gbẹlẹ̀ pa á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ló jẹ́ kí ẹ gbọ́ pé ojú ọ̀run ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ẹ wá ní ọmọ yín á mọ̀ bóyá kí ẹ tún un gbìn tí òjò bá dé tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ rin gbogbo ìrìn yẹn láti bi mí ní ìbéèrè kan, ẹ ò sì rójú bi í.

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìgò. Ẹ rántí bí a ṣe ń bo kòkó lẹ́yìn tí a bá fọ́ ọ. A ó kó hóró inú rẹ̀ jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kò ní pẹ́ tí á fi gbóná débi pé kò ní ṣe é ki ọwọ́ bọ̀. Ewé kọ́ ló dá ooru yẹn sílẹ̀, kò kàn jẹ́ kó jáde ni. Ohun tí gáàsì yìí ń ṣe fún ayé nìyẹn. Oòrùn ń ràn, ilẹ̀ ń gbóná, ó sì yẹ kí ooru náà ráyè padà sókè. Àmọ́ epo tí à ń jó nínú mọ́tò àti nínú ilé iṣẹ́ àwọn ìlú ńlá òkè òkun, igbó tí à ń sun, ààtàn tó ń jẹrà, gbogbo ẹ̀ ń fi ewé lé ewé. Ti kòkó, a máa ń ṣí i, a máa ń sá a. Ti ayé yìí, ta ló ń ṣí i? Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò. Èyí tó gòkè lónìí, àwọn ọmọ ọmọ Sìfáwù á darúgbó bá díẹ̀ nínú ẹ̀ lókè.

Èsì ìgò ọjọ́ yẹn ti dé. Ọ̀gá mi pè mí, wọ́n yìn mí, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní, kò sí èémí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Gáàsì náà tún ti lé sí i, bó ṣe lé sí i nígbà tó kọjá àti nígbà tó ṣáájú ìyẹn. A ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó yẹ kó kà á. Wọ́n á kà á, wọ́n á ní àwọn dúpẹ́, wọ́n á wọ mọ́tò wọn lọ. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Mo fi baba mi pààrọ̀ ìgò kan, ìgò náà ò sì sọ ohun tí a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ti sú mi, Bàbá. Yàrá mi ní Ágíríìkì ń gbóná débi pé ògiri ò ṣe é fara tì. Tí iná bá lọ, Ìyá Kúdí á tan jẹnẹrétọ̀ wọn, èmi náà á tan tèmi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ohun tí mo ń wọ̀n lọ́sàn-án ni mò ń fi kún lálẹ́. Àwọn ará ilé ń pè mí ní Alágbàtà Afẹ́fẹ́, wọ́n ní èmi nìkan ni mò ń gbowó lórí ohun tí Ọlọ́run ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wọlé tí mo tilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ọlọ́kọ̀ bi mí pé ìgbà wo ni omi tó ń wọ ìdí ilé àwọn máa fà. Mo ní ti òjò á fà, àmọ́ òkun ń ga sí i, ó sì ń ti ọ̀sà bọ̀, mi ò rí ọjọ́ tí ìyẹn máa padà. Wọ́n ní ṣé mi ò lè fi ìgò mi bá àwọn bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ wọn ò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò lè rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ìbéèrè yín. Ìgò mi ò lè sọ bí òjò ọdún yìí ṣe máa rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ tàn yín pé ó lè sọ ọ́. Ó lè rọ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ lè rọ̀ jù. Ohun tó ń sọ ni pé ooru tó ń gbẹ ilẹ̀ yẹn kì í ṣe àlejò tó máa lọ tó bá jẹun tán. Ẹ má gbìn ín mọ́, Bàbá. Kòkó etí odò yẹn lẹ tà tí ẹ fi rán mi nílé ìwé, ìwé tí mo kọ́ yẹn náà ni mo fi mọ̀ pé oko ọ̀hún ń kú lọ. Ẹ má fi okun tó kù lára yín wa kòtò fún un mọ́. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí Sìfáwù bá yín ṣe é. Bí inú bá ń bí yín sí mi nítorí èyí, ó tọ́ sí yín ju ti Ẹ̀jìnrìn lọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fún yín ní àlàáfíà ẹsẹ̀. Mo ṣì ń tọrọ òjò nínú ìrun mi, bí mo tilẹ̀ mọ ohun tí mo mọ̀. Mo kí Ìyá, mo kí Sìfáwù, mo kí gbogbo ará àdúgbò. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó síwájú ilé wa tí ẹ ń gbọ́, mo kí yín o. Ẹ bá mi bẹ baba mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Bàbá. Ẹ kí mi lójú ọjà, ẹ ní mo kú iṣẹ́.

Ẹ ṣé o, Bàbá.

Ẹ ṣé o.

Ẹ ṣé o.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànjí