Ta Ló Kó Oògùn Ara Ríro Hobert?

Àǹtí mi Verna,

Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Àwọn adìẹ wa ti ń yé, orúnkún mi náà ti fúyẹ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé oúnjẹ ọ̀fọ̀ wá, oògùn ara ríro tí olóògbé ọkọ mi Hobert fi sílẹ̀ pòórá ní balùwẹ̀. Opal, ìyá ìjọ wa, ní, "Lorene, èmi ni mo dà á nù, kí Colby ọmọ ẹ má baà gbé e mì kó má jí mọ́. Ó ti di bárakú fún un."

Colby rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìyá yẹn gan-an ló ń gbé e mì."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Opal ń tòògbé lórí ìdúró, níbi tá a ti ń kọrin. Colby tòògbé lórí oúnjẹ. Ọmọlójú àwọn méjèèjì kéré bí orí abẹ́rẹ́, bíi ti Hobert nígbà tó bá lo oògùn yẹn. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ fi oògùn ẹsẹ̀ ríro yín sílẹ̀ nílé.

Àbúrò yín, Lorene