Ẹja Tí Mo Fà Sọ́dọ̀ Ara Mi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìtọ́jú gbogbo ilé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti orí erékùṣù níbí, ìyẹn Kípírù tí Bánábà inú Bíbélì ti wá, tí ẹ máa ń fi yangàn fún àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìwòpin. Ẹ sọ fún Káyọ̀dé àbúrò mi pé kó fojú sí ìwé rẹ̀ l'Ágo-Ìwòyè, kó yé pè mí nítorí dátà nìkan.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n ò sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Màámi, n ò lè sọ ọ́ kí ẹ máa gbọ́ ohùn mi. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ síta kí àwọn ọmọ wa mìíràn tó wà lájò lè kà á, bóyá wọn ò ní ṣe irú èyí tí mo ṣe.

Iṣẹ́ ń lọ. Yàrá tí a ti ń lọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni mo ṣì wà. Ooru inú rẹ̀ ju ti ìdí ààrò lọ, ooru ìta náà ò sì kẹ̀rẹ̀. Owó tó ń wọlé ń tó mi jẹun, díẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tí a jọ máa sọ̀rọ̀ ni kò sí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dáa, àmọ́ tí wọ́n bá ń fi èdè wọn ṣàwàdà, èmi náà á kàn yọ eyín síta bí ẹni tó gbọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń kí aṣọ ibùsùn pé ẹ káàárọ̀, kí n ṣáà lè gbọ́ Yorùbá.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn yá mi ní máṣíìnì rẹ̀. Ẹ má bínú, mo ṣì ń gùn ún. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló kọ́ mi lórí pápá ilé ìwé, tí ẹ ń pariwo pé ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń gun máṣíìnì. Títí di òní, a ò tíì rí onítọ̀hún.

Kí n tó jáde, mo se ìkọ́kọrẹ́. Mo rí ewùrà rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, mo rin ín títí ọwọ́ fi ń yún mi. Mo fi ẹja gbígbẹ Ìwòpin tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ẹyọ kan ló ṣẹ́kù, èyí tó tóbi jù, tí mo ti ń fi pamọ́ látọjọ́ yìí. Mo tẹ èbà, mo jẹ́ kó tutù dáadáa, nítorí ẹni tó bá fi èbà gbígbóná jẹ ìkọ́kọrẹ́, kì í ṣe ọmọ wa. Mo di gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì.

Ọ̀nà etí òkun ni mo gbà. N ò sáré rárá. Òkun ń dán lọ́wọ́ òsì mi, atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń fẹ́ sí mi láyà, ewúrẹ́ ń jẹko lórí òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibi tó bá wù mí ni mo ń dúró sí. Mo kọ orin ìjọ láti ẹsẹ̀ kìíní dé àmín, ìró máṣíìnì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ebi dé, mo jókòó sábẹ́ igi kan létí omi, mo ṣí abọ́. Bàbá arúgbó kan ń kọjá lọ, ó gbé ìwọ̀ ẹja àti korobá dání. Ó kí mi. Ẹnu mi ti sọ̀rọ̀ kí orí mi tó mọ̀: mo nawọ́ sí abọ́, mo ní kó wá jẹun, bí a ṣe máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá níwájú ilé wa. Ohun tí mo ń retí ni kó ní á gba ibi re, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ta ló kọ́ bàbá òyìnbó ní á gba ibi re? Ó gbé korobá kalẹ̀, ó lọ ṣan ọwọ́ nínú òkun, ó jókòó tì mí.

Mo bù fún un sínú ìdérí abọ́, mo fún un ní ṣíbí. Ata mú un, omi ń dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń jẹ, ó ń mi orí pé ó dùn. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó na ṣíbí sínú abọ́ mi, síbi ẹja. Màámi, mo fi ṣíbí tèmi fa ẹja náà sọ́dọ̀ ara mi. N ò rò ó rárá, ọwọ́ mi ló ṣe é. Ó rí mi. Ó dá ṣíbí padà, ó nu ẹnu, ó fi gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́ sọ pé òun ti yó. Ó dúpẹ́, ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ.

Mo jẹ ẹja náà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ mo jẹ ẹ́ tán, mo sì fá egungun orí rẹ̀.

Wọ́n máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀bú lahun, èmi sì ni mo máa ń bá wọn jà. Mo rántí bíríkìlà tó ń kọjá níwájú ilé wa ní Japara, tí ẹ sọ fún pé ẹ bá wa re, tó sì jókòó lóòótọ́. Ẹ gbé abọ́ yín fún un, ẹ ní inú ń kún yín. Mo gbà yín gbọ́ nígbà náà. Àṣé ebi lẹ gbé sùn.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ṣéènì máṣíìnì yọ. Mo ń tì í gba abúlé kan kọjá, àfi bí mo ṣe rí bàbá yẹn àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n gbé tábìlì síta, wọ́n ń jẹun. Ká ní ọ̀nà mìíràn wà, n kì bá gbabẹ̀. Ó nawọ́ sí mi pé kí n wá jẹun. Màámi, Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní á gba ibi re, mo tẹrí ba, mo ń ti máṣíìnì mi lọ. Ó dìde wá sójú títì, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í ti ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ti fa àga sílẹ̀.

Obìnrin náà gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó dì mọ́ mi. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti wọlé, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó pè é jẹun létí òkun ló ń sọ. Ó ní láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń pẹja níbẹ̀, tó ń kọjá lára àwọn tó wá gbafẹ́, kò sí ẹni tó pè é jẹun rí. Mo wo bàbá. Ó ń wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Mo ya ẹnu láti sọ òtítọ́ fún ìyàwó rẹ̀, bàbá sì yára gbé ẹja tó tóbi jù lórí tábìlì sínú àwo mi, ó ní kí n jẹ, kó má baà tutù.

Màámi, mo fi ṣíbí ti ẹja náà sí ẹ̀gbẹ́ àwo, n ò jẹ ẹ́. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ń bà mí ni, wọ́n ń rọ̀ mí. Lẹ́yìn náà bàbá bá mi fi ṣéènì padà sí máṣíìnì, wọ́n dúró síta títí mo fi yí kọ́nà.

Bí ẹ bá tún rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ bá mi ra ẹja Ìwòpin ẹyọ kan, kó tóbi. N kò ní fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ gbé lọ sí abúlé yẹn, kí n sì gbé ẹja náà síwájú bàbá.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí ilé má tú mọ́ yín lórí. Ẹ kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ kí àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá náà. Bí ìwé yìí bá sì dé ọwọ́ wọn, ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùnmi