Wọn Ò Lé Mi Níbi Iṣẹ́

Ìṣẹ́yìn, ọjọ́ Jímọ́ọ̀, oṣù Kẹta, 1984

Bàbá gbọ́ pé mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì sílẹ̀ ní yunifásítì, wọ́n sì gbà pé ńṣe ni wọ́n lé mi. Bí mo ṣe wọlé lónìí ni mo bá Àáfà àti àwọn àgbà àdúgbò nídìí àkàrà sàráà, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú mi. Inú bí mi!

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ò lé mi. Ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó ló ní kí n wá máa kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tí yóò ṣe."

"Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí o ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn, irin lo wá fẹ́ lọ máa kọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Gbogbo ọdún tí mo lò nínú láàbù yunifásítì yẹn, tí mo... Ó tó.

Mo nawọ́ sí òfì tí Bàbá fi ń hunṣọ. "Kí ẹ tó hun aṣọ, ṣebí ẹ ti to òwú bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí? Bí èmi náà ṣe ń to iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìyẹn. Bí mo bá ṣì í tò, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́."

Àáfà ń jẹ àkàrà tiẹ̀ lọ.

Nílé wa, ọkùnrin ló ń hunṣọ. Òwú ni mo máa ń ká fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, n ò jókòó sídìí òfì rí. Àfi bí Bàbá ṣe dìde lórí àpótí ìdí òfì wọn, tí wọ́n fọwọ́ gbọn ún.

"Àáfà, ẹ yí àdúrà yẹn padà, ẹ bá wa dúpẹ́. Àbẹ̀kẹ́, jókòó síbí, kí o tún un ṣàlàyé fún wọn."

Mo jókòó.