Atalẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Atalẹ̀

Torino, oṣù kẹta, 1996

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara mi le. Òtútù ti ń lọ. Ẹ̀wù méjì péré ni mò ń wọ̀ sùn báyìí. Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín.

Màmá àgbà tí mò ń tọ́jú, Signora Ines, ní ìkòkò òdòdó kan lójú fèrèsé. Nígbà òtútù, tí ọ̀fun ń dùn mí díẹ̀, mo tú ìdí rẹ̀ wò. Mo rí gbòǹgbò bí ọmọ ìka, mo ní atalẹ̀ rè é! Mo hú márùn-ún, mo se mẹ́ta, mo mu omi rẹ̀. Kò ta rárá. Inú sì ń run mí fún ọjọ́ méjì péré.

Àfi bí Signora ṣe sọ fún mi pé ọkọ wọn tó ti kú ló hú u wá láti orí òkè lẹ́yìn Genova. Mo sáré gbin méjì tó kù padà sínú ìkòkò. Ẹ mọ̀ pé ilé wọn náà ni mò ń sùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọjú wo ìkòkò yẹn kí n tó kírun.

Ó yọ òdòdó lónìí, Ìyá mi! Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi koríko. Òdòdó náà ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ mẹ́ta tó wálẹ̀ dúdú bí àrán. Bellavedova ni wọ́n ń pè é, opó arẹwà. Signora di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń sunkún. "Brava, o káre, Àwáù! Ìwọ lo tọ́jú ẹ̀." Ọkàn mi ti balẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Nadirah. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ fi atalẹ̀ rán an sí mi. Kì í ṣe torí ọ̀fun o. Ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi sè.

Ọmọ yín,
Àwáù